Bọ́ọ̀dù TPA3116D2 tó ń já tí a bá gbé ohùn sókè: iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Mo ra bọ́ọ̀dù ámpílífáyà kékeré kan tí IC (ṣíìpù) TPA3116D2 wà lórí rẹ̀. Wọ́n kọ 2×50W sí i lára. Ádápítọ̀ 12V 2A ni mo fi gbé e, mo sì so sípíkà ọkọ̀ méjì mọ́ ọn, oníínṣì mẹ́fà ààbọ̀, 4Ω ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò lágbára. Tí mo bá gbé e sókè, á já, á tún dé, á tún já. Mo fi iná kan náà gbé Bluetooth kékeré kan, ó sì ń han fíín lábẹ́ orin. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n so wáyà dúdú sípíkà méjèèjì pọ̀ mọ́ gíráńdì. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn dákẹ́, bọ́ọ̀dù sì gbóná. Ní báyìí mo fẹ́ gbé e lọ sórí bátìrì sólà 24V tó wà nílé wa. Ṣé ìyẹn á tán gbogbo ìṣòro yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì so ó mọ́ bátìrì 24V yẹn. Àwọn àṣìṣe yòókù ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn lè pa IC náà pátápátá. Màá dé orí ìdí rẹ̀ níwájú.

Kò sí wáàtì kankan tó ń gbé inú IC. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣílẹ̀kùn, kó sì máa tì í, fún iná tó ń ti ádápítọ̀ bọ̀. Nítorí náà, fóòtì tí ẹ bá fún un àti óòmù sípíkà yín ló ń pinnu iye wáàtì tí ẹ máa rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi fóòtì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìlọ́po méjì óòmù pín in. Lórí 12V pẹ̀lú 4Ω, 144 tí a fi 8 pín jẹ́ 18W. Tí sípíkà bá jẹ́ 8Ω, 9W péré ni. Lórí 19V pẹ̀lú 4Ω, ó di 45W. Lórí 24V, 72W. Òkè téńté ni àwọn iye wọ̀nyí, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò nínú tiransísítọ̀ àti kọ́ìlì. Texas Instruments tó ṣe IC yìí fúnra wọn sọ pé 50W lọ́nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti 21V pẹ̀lú 4Ω, nígbà tí ìyapa ohùn, ìyẹn bí ohùn ṣe ń ya tí kò mọ́ mọ́, bá ti dé ìdá 10 nínú 100. Ìyapa tó tó bẹ́ẹ̀, etí ọmọdé pàápàá máa gbọ́ ọ. Ẹ wá rí i pé 18W ni bọ́ọ̀dù yín lè fún sípíkà kan lórí 12V, bó ti wù kí wọ́n kọ 50 tó.

Àbùmọ́ wáàtì yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1964, nígbà tí Sinclair ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé X-10 jáde, ámpílífáyà irú èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún àwọn tó ń to ẹ̀rọ fúnra wọn, 10W ni wọ́n fi polówó rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 2.5W ló ń mú wá. Tiransísítọ̀ ayé ìgbà náà kò yára tó fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ìyára yẹn sì ni gbogbo àṣírí class D, orúkọ irú ámpílífáyà tí bọ́ọ̀dù yín jẹ́. Kì í ṣe pé D dúró fún “digital” bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò. Lẹ́tà tó kàn lẹ́yìn C ni wọ́n kàn fún un. Nínú ámpílífáyà àtijọ́, tiransísítọ̀ máa ń ṣí díẹ̀, á dá apá kan iná dúró, ohun tó dá dúró yẹn á sì di ooru. Níbí, ó ṣí pátápátá tàbí kó tì pátápátá, nǹkan bíi ìgbà 400,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí IC yín. Bí orin bá ṣe ń lọ sókè sódò ni àsìkò tó fi ṣí ń gùn tàbí tó ń kúrú. Kọ́ìlì 10µH àti kàpásítọ̀ 680nF tó wà lójú ọ̀nà sípíkà á wá sẹ́ ìṣísílẹ̀-títì yẹn kúrò, orin nìkan á kọjá. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tí ẹ fún un fi ń dé sípíkà, tí IC kékeré tó bẹ́ẹ̀ sì lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ láì nílò irin ńlá lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo jíjá yẹn. Ádápítọ̀ 12V 2A ní 24W láti fún yín. Sípíkà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba 18W jẹ́ 36W, tí a bá sì ka èyí tó ṣòfò mọ́ ọn, 40W. Tí ìlù bá sọ kalẹ̀ nínú orin, sípíkà kan lè fa 3A lójú ẹsẹ̀, méjèèjì 6A. Ádápítọ̀ yín á rò pé wọ́n ti ṣọ́ọ̀tì òun, á pa ara rẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún tan, ìlù mìíràn á tún bọ́ sí i. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi mítà sí ẹnu ibi tí iná ti ń wọ bọ́ọ̀dù kí ẹ sì gbé ohùn sókè. Tí fóòtì bá wó lulẹ̀ nígbà tí ohùn já, ádápítọ̀ ló jẹ̀bi. Tí ó bá dúró lórí 12V ṣinṣin ṣùgbọ́n tí ohùn lọ, IC ló ń dáàbò bo ara rẹ̀, bóyá nítorí ooru tàbí nítorí pé óòmù sípíkà kéré jù. Lórí bọ́ọ̀dù mìíràn, IC tó bá dáàbò bo ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ á dákẹ́ títí ẹ ó fi pa iná. Lórí òmíràn á padà fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù bá ti so ẹsẹ̀ FAULTZ (tó ń kéde àṣìṣe) mọ́ ẹsẹ̀ SDZ (tó ń pa IC).

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi gain tó ga, ìyẹn ìlọ́po tí bọ́ọ̀dù ń sọ ohùn tó wọlé dà, wo àìlágbára yìí. TPA3116D2 ní ipele gain mẹ́rin: 20, 26, 32 àti 36dB. Lórí 26dB, ohun tó bá wọlé á di ìlọ́po 20. Fóònù tó ń mú 0.45V wá ti tó láti gbé bọ́ọ̀dù 12V dé òkè téńté rẹ̀. Tí ẹ bá yí i sí 36dB, ariwo tó wà lábẹ́ orin lẹ máa gbé sókè, orin fúnra rẹ̀ á sì máa ya nígbà tí bọ́tìnì fólúùmù kò tíì dé àárín.

Ohun tó máa wo ó ni ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká 19V, tó ní 4.74A, ìyẹn 90W. Wọ́n pọ̀ lọ́jà àlòkù, wọ́n sì ń gba ìnira iná wa dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ láti 100V dé 240V. Orin kì í wà lórí òkè téńté ní gbogbo ìgbà, nítorí náà 90W ti tó fún sípíkà 4Ω méjì nínú yàrá. 65W náà á gbé e bí ẹ kò bá jẹ́ aláriwo. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹnu ọ̀pọ̀ ṣájà kọ̀ǹpútà jẹ́ 5.5×2.5mm, nígbà tí ihò ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù jẹ́ 5.5×2.1mm. Á wọlé, ẹ ó rò pé ó bá ara mu, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àárín kò ní kún inú rẹ̀. Á máa ta páápáá, á máa gbóná, ohùn á tún máa já, ẹ ó sì máa bú ṣájà tí kò ṣẹ̀. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ sínú ibi tí wọ́n ń fi sukuru dè lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wá pósítíìfù, torí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù wọ̀nyí kò ní ohunkóhun tó máa gbà wọ́n tí ẹ bá so iná sódì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti pa á.

Kí ẹ tó gbé 19V wọ̀ ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára kàpásítọ̀ ńlá tó wà lẹ́nu iná. Tó bá jẹ́ 16V ni wọ́n kọ, ẹ yọ ọ́. Tó bá jẹ́ 25V, ó lè gbé 19V, ṣùgbọ́n 35V ló yẹ. Ẹ fi 1000µF tàbí 2200µF, 35V, sí i, irú èyí tí wọ́n kọ low ESR sí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Ẹ má ṣe kó kàpásítọ̀ jọ dé 10,000µF pé kí ohùn lè nípọn. Ṣájà á wò ó bíi ṣọ́ọ̀tì nígbà tí ẹ bá tan án, kò sì ní tan rárá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín, torí òun ló ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́ jù. Ìmọ̀ràn náà tọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ámpílífáyà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi TDA2030 tò, tí wáyà dúdú sípíkà rẹ̀ jẹ́ gíráńdì. TPA3116D2 kò rí bẹ́ẹ̀. Ámpílífáyà méjì ló wà fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń tì í nígbà tí èkejì ń fà á. Wáyà pupa ní iná, wáyà dúdú náà ní iná. Bí kò bá tilẹ̀ sí orin, ìdajì iná tí ẹ fún un wà lórí wáyà méjèèjì: 6V lórí 12V, 9.5V lórí 19V. Ẹ so dúdú mọ́ gíráńdì, ẹ ti ṣọ́ọ̀tì ìdajì iná yẹn nìyẹn. Fún ìdí kan náà, ẹ má so dúdú òsì pọ̀ mọ́ dúdú ọ̀tún, ẹ má so jáàkì etí oníwáyà mẹ́ta mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí wáyà sípíkà kan ara irin àpótí, ẹ má sì fi ẹnu gíráńdì oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná) kàn án. Kọ́rọ́sọ́fà (èyí tó ń pín ohùn fún sípíkà ńlá àti kékeré) tí wọ́n so gíráńdì òsì àti ọ̀tún rẹ̀ pọ̀ náà kò bá a lọ.

IC náà ní ìdáàbòbò fún ṣọ́ọ̀tì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó ṣì wà láàyè. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ yọ sípíkà, ẹ yọ Bluetooth. Ẹ wá gílóòbù bíréèkì ọkọ̀, 12V 21W, kí ẹ fi sí ojú ọ̀nà pósítíìfù láàárín ádápítọ̀ 12V àti bọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá tan án, ó lè tàn díẹ̀ nígbà tí kàpásítọ̀ ń kún, kó wá kú. Tó bá ń tàn gbòò tí kò kú, nǹkan ti ṣọ́ọ̀tì lórí bọ́ọ̀dù, gílóòbù sì ti gbà yín lọ́wọ́ èéfín. Tó bá kú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi mítà wọn ìṣàn iná tí bọ́ọ̀dù ń fà láìsí orin. Láàárín 30mA sí 80mA ló yẹ kó wà, pẹ̀lú iná kékeré orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ẹnu sípíkà kọ̀ọ̀kan sí gíráńdì. Ẹ gbọ́dọ̀ rí nǹkan bíi 6V lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá wọn láàárín pupa àti dúdú sípíkà kan náà: kò yẹ kó ju 50mV lọ. Tí ẹ bá rí fóòtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má so sípíkà mọ́ ọn, torí á jó kọ́ìlì inú sípíkà láìsí orin kankan. Tí ẹ bá fẹ́ tún ìdánwò gílóòbù yìí ṣe lórí ṣájà 19V, ẹ lo gílóòbù ọkọ̀ ẹrù 24V. Ti 12V lè jó.

Híhan fíín ti Bluetooth ní orísun tirẹ̀. Bluetooth ń fa iná ní ìkọ̀ọ̀kan-ìkọ̀ọ̀kan, wáyà gíráńdì tó fi ń dá iná yẹn padà sì ni ti ohùn náà ń gbà. Fóòtì kékeré tó hù lórí wáyà yẹn ni bọ́ọ̀dù ń sọ di ìlọ́po 20. Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó: ẹ fi power bank gbé Bluetooth nìkan, kí bọ́ọ̀dù wà lórí ádápítọ̀. Tí fíín bá parẹ́, ẹ ti rí ẹlẹ́bi. Ojútùú rẹ̀ tó wà pẹ́ ni pé kí ẹ fi LM2596 (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ fóòtì kalẹ̀) sọ 19V di 5V, kí ẹ fi B0505S-1W (tó ń gba 5V, tó sì ń mú 5V mìíràn jáde) tẹ̀ lé e, kí Bluetooth wá gba iná lọ́dọ̀ B0505S. Ó ya gíráńdì méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá, ó sì ń mú 200mA wá, èyí tó tó Bluetooth kékeré. Wáyà ohùn tó lọ sórí bọ́ọ̀dù nìkan ni kó so àwọn méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá tún so gíráńdì wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ B0505S ti di òfo. Ẹ lo wáyà oníbora fún ohùn, kó má ju nǹkan bí 20cm lọ, kó má sì gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì kọjá.

Ẹ jẹ́ ká dé orí bátìrì sólà. 26V ni òpin tí TPA3116D2 fi ń ṣiṣẹ́, 30V sì ni ibi tó ti lè kú láìpẹ́. Bátìrì olómi tí ẹ ń pè ní 24V máa ń wà ní nǹkan bíi 25V nígbà tó bá sinmi, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ń kún un, kọ́ńtírólà á gbé e dé 28.8V. Bátìrì lithium onísẹ́ẹ̀lì LiFePO4 mẹ́jọ á dé 29.2V. Ẹ lè lo bọ́ọ̀dù náà ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ohunkóhun má ṣe é, kó wá kú ní aago méjìlá ọ̀sán Sátidé. Ẹ fi XL4016, bọ́ọ̀dù mìíràn tó ń sọ fóòtì kalẹ̀, sáàárín wọn, kí ẹ yí i sí 20V pẹ̀lú mítà kí bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń kọ 8A sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbà ju 5A lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí fáànù.

Ọ̀nà kan wà tó máa ń wu ènìyàn, tí kò sì dára: kí ẹ fa 12V láti ara ọ̀kan nínú bátìrì méjì tí wọ́n fi ṣe 24V yẹn. Ọ̀kan yẹn á máa sọ agbára nù ju èkejì lọ, kọ́ńtírólà kò sì mọ̀. Bó bá ti ń kún wọn, á fi iná tó pọ̀ jù jó èyí tó kún, á sì fi ebi pa èkejì. Bátìrì lówó lórí ju bọ́ọ̀dù ámpílífáyà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá jẹ́ pé bátìrì 12V kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ so ó tààrà, 14.4V tó máa ń dé kò ní ṣe é ní nǹkan, ohùn yín á sì sún sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi fíùsì 7.5A sí wáyà pósítíìfù, kó súnmọ́ orí bátìrì. Ádápítọ̀ á pa ara rẹ̀ tí wáyà bá ṣọ́ọ̀tì. Bátìrì kò ní pa ara rẹ̀, wáyà ló máa jó.

Nípa ooru: àwo irin tó ń gbé ooru jáde wà lórí ẹ̀yìn TPA3116D2, ó kọjú sókè, nítorí náà irin atútù gbọ́dọ̀ jókòó lé e dáadáa. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, tépù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí i, ẹ nù ún, ẹ fi páásìtì ooru tín-ín-rín sí i, kí ẹ sì fi sukuru dè é. TPA3118D2 tó jọ ọ́ gan-an kọjú àwo tirẹ̀ sísàlẹ̀ sínú bọ́ọ̀dù, kò sì sí àǹfààní púpọ̀ nínú kí ẹ lẹ irin mọ́ ọn lórí. Ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì pẹ̀lú. Tó bá gbóná gidi nígbà tí orin kò sí, tàbí tó kéré débi pé kò lè gba 5A tó máa kọjá nínú rẹ̀ lórí 19V, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí 10µH tó lè gba 6A.

Ẹ má so sípíkà 4Ω méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sí ọ̀nà kan. Á di 2Ω, 3.2Ω sì ni òpin ìsàlẹ̀ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Tí rédíò AM bá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ámpílífáyà yìí, ìdí ni pé ìlọ́po méjì àti mẹ́ta 400kHz, ìyẹn 800 àti 1200kHz, bọ́ sáàárín ibùdó AM. Ẹ lọ́ wáyà pupa àti dúdú sípíkà pọ̀ mọ́ra, kí ẹ sì gé e kúrú.

Ó ku sípíkà fúnra wọn. Ẹ kò sọ bóyá wọ́n wà nínú àpótí. Sípíkà ọkọ̀ tí ẹ gbé sórí tábìlì lásán kò lè mú ìlù jáde, torí afẹ́fẹ́ tó tì síwájú á yí padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan á pa èkejì. Ẹ fi wọ́n sínú àpótí pákó tó dí, nǹkan bíi lítà 10 sí 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi owú díẹ̀ sí i nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5V kan ẹnu sípíkà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, pósítíìfù sí ibi tí wọ́n sàmì sí. Awọ méjèèjì gbọ́dọ̀ ta síta. Tí ọ̀kan bá ta síta tí èkejì sì wọlé, ẹ yí wáyà ọ̀kan padà. Ìlù tí ẹ ń wá lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń sọnù.